Bọ́jẹ́ẹ̀tì Tí Sọ̀fíyù Fi Ara Rẹ̀ Dúró Dè

Agoè-Nyivé,
Lomé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin.

Gloria, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà tí ò ń tọ̀ lọ sọ́jà Pọ́bẹ̀ láràárọ̀. Ṣé eékún tó ń dùn ọ́ ti ń gbà ọ́ láyè láti rìn? Ṣé àwọn ọmọ wà, ṣé bàbá wọn náà wà? Bí ìwé yìí bá bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá wa. Àwa náà wà níbí, a ń jí, a ń sùn. Èmi gan-an kò ṣàìsàn.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́sí, tí o ní, "Sàídátù, àbúrò rẹ ńkọ́?", tí mo kàn ń sọ pé ó wà, ó wà, Sọ̀fíyù ló jókòó tì mí tó ń wo ẹnu mi. Kò sí ohun tí mo lè sọ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ohun tójú rẹ̀ ti rí láti ìgbà tí o ti kó kúrò ní Lomé pọ̀, n kò sì ní ẹlòmíràn tí mo lè rò ó fún tí kò ní dá a lẹ́bi kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

O mọ bó ṣe rí nígbà tí ìwọ àti èmi jọ wà ní ọjà Adawlato. Iṣẹ́ tó ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ti là á lójú. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí rédíò bá ti ń sọ pé ìjọba ń múra bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tuntun, àwọn obìnrin á fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n á yí i ká. "Sọ̀fíyù, kí ni wọ́n máa gbé owó orí lé lọ́tẹ̀ yìí? Kí ni wọ́n máa dín kù?" Òun á fara ti àwọn ìdì aṣọ mi, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á máa fi etí ẹ̀wù nù ún, á ní, "Ẹ má wo ẹnu wọn o. Ibi tí ojú wọn wà ni kí ẹ máa wò." Bí ìdìbò bá ń bọ̀, á ní wọn ò ní fọwọ́ kan ìrẹsì. Bí àwọn tó ń yá ìjọba lówó bá wá láti òkè òkun tí wọn ò tètè lọ, á ní nǹkan kan máa wọ́n dandan. Ìwọ náà kò lè gbàgbé ọdún tó ní kí o ra abọ́ tánganran pamọ́ kí ọdún tó yí. Èrè abọ́ yẹn lo fi kan páànù sórí ilé tí o ń gbé lónìí.

Lẹ́yìn tí o lọ ni àìsàn dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, a rò pé ìdúró èbúté ni. Nígbà tí a máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá fi í sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n á fi rọ́bà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, á tún dá a padà fún un. Àárọ̀ ló máa ń lọ, ọ̀sán ló máa ń tó dé, á sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó lọ roko. Mi ò ní ka iye rẹ̀ fún ọ. Kí o ṣáà mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi tó kọjú sí ọ̀nà, níbi tí a máa ń kó aṣọ olówó ńlá sí, ti di òfìfo.

Ìyẹn la ṣe ní kí a ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Sanguéra. A rí ẹni tó fẹ́ rà á, ó sì fi ìfẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹbí ti gbà, Sọ̀fíyù nìkan ló kọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má tà á. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ yìí, ìjọba máa gba ìnáwó àwa tí à ń fọ ẹ̀jẹ̀. Mo ti wò ó." Ó wá ń to ẹ̀rí rẹ̀ fún wa bó ṣe máa ń tò ó fún àwọn oníṣòwò. Àwọn èèyàn ńlá ti wá bẹ yàrá ẹ̀rọ wò, wọ́n bọ àwọn aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Rédíò tí kì í dárúkọ kíndìnrín tẹ́lẹ̀ ti ń dárúkọ rẹ̀. "Ojú wọn ti wà lọ́dọ̀ wa," ó ní. Gloria, ẹni tí kò tíì sọ ọ́ tì rí ni. A dá ilẹ̀ náà dúró, a ò tà á.

Ìbá dúró síbẹ̀ náà, ìbá sàn. Àmọ́ ó tún dín ẹ̀rọ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ìwọ̀nba ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e dé oṣù kìíní. Nọ́ọ̀sì pariwo lé e lórí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọlámidé ìyàwó rẹ̀ sunkún títí, ó wá pè mí. Mo lọ bá a nílé, mo rọ̀ ọ́, mo bínú, mo tún rọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, èmi tí mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn, tí mo bu omi sí i lórí, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Ó dì mí lápá mú, ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú lónìí ni? Oṣù méjì péré ló kù. Ẹ jẹ́ kí n fara dà á." Mo dìde. Kò sí nǹkan mìíràn tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn ìkúnlẹ̀.

A wá ń wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba bàtà mọ́, sálúbàtà ló ń wọ́ kiri. Bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ihò á dúró níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ tútù. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ìjókòó ló ń sùn, á fi ẹ̀yìn ti ògiri. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, omi kò sì dára fún un mọ́, Ọlámidé wá ń gbé ìkòkò omi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń gbé májèlé pamọ́ fún ọmọdé. Síbẹ̀ orí rẹ̀ pé, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá ti wọlé, ohun tí rédíò sọ láàárọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rò fún mi.

Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó ní dandan ni kí a gbé òun wá sí Adawlato. Inú ìsọ̀ mi ló jókòó sí, àwọn obìnrin kún ẹnu ọ̀nà. Ó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé wọn ò ní fi nǹkan kan lé owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, pé ìdì òkìrìkà ni wọ́n máa gbé owó orí lé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rédíò kà á. Ariwo sọ! Àwọn tó ti ra òkìrìkà pamọ́ ń fò sókè, ìyá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Mínà tú aṣọ orí rẹ̀, ó so ó mọ́ Sọ̀fíyù léjìká bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Wọ́n wá dé orí ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹni tó ń kà á ní ìjọba yóò máa gba apá kan nínú ìnáwó àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́. Sọ̀fíyù kò pariwo. Ó kàn gbé ojú lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Mo sọ fún yín. Ṣé mi ò sọ fún yín?" Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a kò ta ilẹ̀ náà.

Nígbà tí oṣù kìíní wọlé, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tuntun lọ sílé ìwòsàn, bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì tó máa ń bá a wí yẹn rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Àwa náà gbọ́ ọ lórí rédíò, bàbá. Ṣùgbọ́n ìwé kankan ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa." Sọ̀fíyù ní kò burú, ìwé ìjọba kì í sáré, yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ náà lọ. Oṣù náà lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ṣì ń lọ sórí ẹ̀rọ. A mú ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba pọ̀n. Wọ́n ní ká gòkè, àwọn tòkè ní ọ̀dọ̀ wọn kọ́, ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú wà níbòmíràn. Ọkùnrin kan tó mọ ọmọlúàbí fún wa ní àga, ó tún bu omi tútù fún Sọ̀fíyù, omi tí kò gbọdọ̀ mu. Sọ̀fíyù gbé ife náà dání, ó ń wò ó. Ọkùnrin náà ní, "Owó yẹn wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Ọ̀nà tó máa gbà jáde ni wọn ò tíì kọ." Ẹnikẹ́ni kò bú wa, ẹnikẹ́ni kò lé wa. Mo wá ẹni tí mo máa bínú sí títí, n kò rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, bó ṣe ti ìrun dé, omi ara rẹ̀ gun inú ẹ̀dọ̀fóró. Gloria, omi ń gbé èèyàn lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ lójú mi. Ó ń la ẹnu bí ẹja tí wọ́n dà sórí àtẹ. A gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò wa, àwọn àjàgbé sì dí ọ̀nà Agoè pa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń bẹ àwọn awakọ̀ ní Yorùbá, ní Mínà, ní Faransé, mo ń gbá ojú gíláàsì wọn. Àwọn tó fẹ́ yà fún wa gan-an kò ríbi yà sí. Ọlọ́run ló ní kí a gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè. Wọ́n fà á padà, ṣùgbọ́n dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkàn rẹ̀ ti bà jẹ́. Ó ní bí a bá ń gbé e wá lójoojúmọ́ pàápàá, èyí tó ti lọ kò ní padà.

A ti ta ilẹ̀ Sanguéra báyìí. Ẹni àkọ́kọ́ ti ra ti ẹlòmíràn, ẹni tó rà á rí i lójú wa pé a ò ní sùúrù, bó ṣe fẹ́ ló rà á. Òun la fi ń san ti ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní ó ń bọ̀ kò tíì dé. Ó lè dé lọ́la. Bí ti ilẹ̀ bá tán kó tó dé, n kò mọ ohun tó kàn.

Lọ́sẹ̀ yìí ni àwọn obìnrin Adawlato wá kí i. Wọ́n kó ọsàn wá, ọsàn tó dára, tí dókítà kò jẹ́ kó fẹnu kàn. Wọ́n kí i, wọ́n ṣàdúrà. Ìyá Mínà ọjọ́sí wá sún mọ́ ọn, ó ní, "Sọ̀fíyù, èyí tó ń bọ̀ ńkọ́? Àwa ń gbọ́ pé àǹkárá ni wọ́n kọjú sí." Sọ̀fíyù wo ojú àjà títí. Ó ní, "Mi ò mọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó tún un sọ: "Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò mọ̀." Ẹ̀rín bá tán. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ojú títì, ìyá yẹn fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Daví, àǹtí wa, bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ti fún un ní nǹkan pé kó má sọ fún wa, kó sọ ọ́. Àwa náà á dáwó jọ." Mo ní kí wọ́n dé ilé ire.

Mo padà wọlé. Ó ní, "Ṣé wọ́n bínú?" Mo ní rárá. Èémí rẹ̀ ń dún nínú àyà. Ó wá ní, "Àǹtí, mo gbìyànjú láti wò ó fún wọn. N kò rí nǹkan kan rárá."

Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe pé kí o fi nǹkan ránṣẹ́ ni mo fi kọ̀wé. Bí ẹ bá ti ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ dárúkọ rẹ̀, èmi náà ń dárúkọ rẹ̀ nídìí ìrun. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ohun tí ojú rẹ kò ní lè gbà. Kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ há níbi tó yẹ kí o ti gba ẹni rẹ là. Ọjà Pọ́bẹ̀ á tà fún ọ, eékún rẹ á gbé ọ débi tí ò ń lọ, àwọn ọmọ rẹ á sin ọ́ bó bá pẹ́ títí. Kí Ó jẹ́ kí a tún fojú kan ara wa, nínú ayọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ògiri páálí kan ṣoṣo wà láàárín ìsọ̀ wa,

Sàídátù.

Àfikún: Bí o bá fẹ́ pè é, má pè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ẹ̀rọ ni. Lọ́jọ́ yòókù, bá a sọ̀rọ̀ òjò, bá a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ, sọ fún un bí wọ́n ṣe ń bú ọ lọ́jà nítorí pé o kì í dín owó. Ó fẹ́ràn kí èèyàn pa á lẹ́rìn-ín. Má ṣáà bi í léèrè ohun tó ń bọ̀.