Ta Ló Jókòó Sínú Ọkọ̀ Ẹ̀yìn?

Ìmẹ̀sí-Ilé,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọládọ̀tun ọmọ mi, Àkànjí,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó mi Ọmọ́níkẹ́ le? Zion ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tí n kò tíì gbé pọ̀n rí ńkọ́? Ọlọ́run tí kì í tòògbé kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ yín. Òòrùn Houston tó ń jó ni bí ẹnu ààrò kò ní pa yín lára, fíríwéè yín tí gbogbo ènìyàn ń sá eré lé lórí bí ẹni tó jalè kò ní sọ yín di àwátì. Bí o bá bi wá léèrè, a wà, a kò kú, a kò rùn. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ní òun kò gba àṣẹ mọ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé àwa méjèèjì la jọ ń lọ.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Òjò gbé páànù ilé ìdáná, wọ́n ti kàn án padà. Àbúrò rẹ Bùnmi ṣì ń kọ́ni níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì ni fóònù tí à ń fi rí yín. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, mo ní tìrẹ nítorí ìwọ lo rà á fún mi, ìbejì ló bí, èyí tó pupa nínú wọn máa ń tẹ̀lé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí adènà títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ ṣì wà lábẹ́ igi ọsàn láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, adìyẹ ló ń yé sórí síìtì rẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá lẹ́ẹ̀kan sí i, mo lé wọn.

Ọ̀rọ̀ fídíò tí o fi ránṣẹ́ ló mú mi kọ ìwé yìí. Lọ́jọ́ tó dé, Bùnmi ti lọ síléèwé, ó fi fóònù sílẹ̀ kó máa gba iná. Mo gbọ́ tó dún, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ́ mi. Kí ni mo rí? Mo rí ilé gbàǹgbà kan tó ń lọ lójú títì, ó so píkọ́ọ̀pù rẹ aláwọ̀ aró mọ́ ìdí, ó ń wọ́ ọ lọ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ lọ́jà. Ilé ni, Dọ̀tun. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé, ó ní kọ́tìnnì, mo sì rí Ọmọ́níkẹ́ lójú fèrèsé tó ń juwọ́. Ọkàn mi já. Níbi tí a wà yìí, ọkọ̀ tó bá kú nìkan ni wọ́n ń fà, mo ní a jẹ́ pé ọkọ̀ ọmọ mi ti kú. Ilé tó wà níwájú wá bà mí lẹ́rù ju ọkọ̀ lọ. Mo ní kí ló lè mú kí ènìyàn gbé ilé rẹ̀ lé orí táyà, bí kò bá ṣe pé wọ́n lé e kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀? Ọwọ́ tí Ọmọ́níkẹ́ ń jù, mo ní ìrànlọ́wọ́ ló ń pè.

N kò dúró de Bùnmi. Mo wé gèlè, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìjọ, mo ní ọkọ̀ Dọ̀tun ti bàjẹ́, onílẹ̀ sì ti lé e kúrò ní àdúgbò Cypress ní Houston tòun ti ilé. A gba ààwẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan gbé iṣu wá, òmíràn wá kí mi kú ara fẹ́ra kù. Nígbà tí Bùnmi fi máa dé, àyè àtijókòó ti tán nínú ilé. Ó wo fídíò náà, ó bú sẹ́rìn-ín, n kò sì tíì fi ẹ̀rín yẹn jì í di òní. Ó pè ọ́, ìwọ náà tún rẹ́rìn-ín tìrẹ. Iṣu yẹn, n kò dá a padà, nítorí wọ́n ti gbàdúrà sí i.

O ní ọkọ̀ kò kú. O ní ẹ ra ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, pé bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ó gúnlẹ̀, ẹ ó tú píkọ́ọ̀pù kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó máa fi rìn kiri ìlú. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé kò sí ẹnì kankan nínú píkọ́ọ̀pù náà. Mo wo fídíò yẹn títí ojú fi ń ro mí. Síìtì ṣófo, sítíárìn ń yí fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ń lọ.

Ṣé ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é nílé. Píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ kì í pẹ́ kú lọ́nà. Bó bá ti kú, bàbá rẹ á dá lọ́rì dúró, á so okùn, òun á lọ jókòó ti onílọ́rì kó lè máa bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, èmi á jókòó sídìí sítíárìn lẹ́yìn. Èmi tí n kò mọ ọkọ̀ wà. Bíréèkì nìkan ló kọ́ mi, ó ní ìyẹn tó. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí okùn má bàa dẹ̀, kí n má lọ kọlu lọ́rì nídìí. Ìwọ lo máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orí rẹ kò tíì ga tó fèrèsé. O máa ń bi mí pé ṣé èmi ni mò ń wa ọkọ̀, èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, o ó wá pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò sọ fún bàbá rẹ rí títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn nínú ọkọ̀ tó kú yẹn ju ìgbà tó bá yè lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi bi ọ́ pé ta ló ń tẹ bíréèkì. O ní àpótí kan ni ẹ gbé síwájú síìtì, bí ìwọ bá tẹ bíréèkì níwájú, òun náà á tẹ tẹ̀yìn. O ní irin tó nípọn ló so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ̀wọ̀n méjì tún wà lábẹ́ rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé bí píkọ́ọ̀pù bá já, wáyà á fa bíréèkì mú un dúró. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ náà á máa tàn nígbà tí tiwájú bá tàn. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí okùn tiwa máa ń já. Mo ti fi àpótí náà sínú àdúrà òwúrọ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀, mo kàn ń pè é ní ẹni tó ń bá Dọ̀tun tẹ bíréèkì, Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí. Ẹ má jẹ́ kí ebi pa á. Bùnmi ní iná ló ń jẹ, ẹ rí i pé ó jẹun yó kí ẹ tó gbéra.

Ọláolú tó ń tún ọkọ̀ ṣe nídìí ọjà wo fídíò náà, ó mi orí. Ó ní ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá fà á tí táyà rẹ̀ ń kan ilẹ̀, jíà á jóná. Mo sọ fún un pé o ní kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ṣeé fà bẹ́ẹ̀, pé o ti ka ìwé tó bá tìrẹ wá, pé jíà kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ máa ń tú sílẹ̀ kí táyà lè máa yí láìda ti ńlá láàmú. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ra epo, kí o sọ̀ kalẹ̀ kí o fọwọ́ kan táyà píkọ́ọ̀pù wò bóyá ó gbóná. Jọ̀wọ́, fọwọ́ kàn án.

Ohun tó tún dùn mí ni pé ẹgbẹ́ àdúgbò yín ní Cypress kò jẹ́ kí o gbé ilé onítáyà náà síwájú ilé, tí o wá lọ gba àyè fún un níbòmíràn tí o ń sanwó oṣooṣù. Ilé tó ń san owó ilé, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣé o ti lọ rí baálẹ̀ Cypress? Mú obì lọ, mú ẹlẹ́rìndòdò dání, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, má kọ lẹ́tà sí i. Nígbà tí mo wá tọ́jú Zion ní Alief, níbi tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn aládùúgbò ti máa ń fi Yorùbá bá ọmọ wọn wí tí àwa nísàlẹ̀ á máa gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ibi tí ẹnìkejì gbé ọkọ̀ sí. Mo sọ fún yín nígbà náà pé kí ẹ má kó kúrò.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí gan-an. O ní bí píkọ́ọ̀pù bá ti wà lẹ́yìn, ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn rìn rárá, á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin á tẹ̀. Mo ní ohun tó ń lọ tí kò lè padà, ẹ̀rù irú rẹ̀ ń bà mí. Lẹ́yìn ìyẹn lo wá sọ ọ́, o sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì, pé ìsinmi tí ẹ fẹ́ fi wálé ní Kérésìmesì, ẹ ó fi lọ wo àwọn òkè kan ní Colorado. Mo ní kò burú. Mo ní kí ẹ bá mi kí àwọn òkè náà. Irọ́ ni mo pa, Dọ̀tun, ó burú. Òkè wà ní Ìmẹ̀sí. Òkè ló yí wa ká, bí a bá fẹ́ wo nǹkan mìíràn, a kì í rí.

Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbára lé ní gbogbo ọdún tí o ti lọ. Ìwọ wá gbé ilé lọ sí àjò. Kí ló máa wá rán ọ létí ilé?

Nígbà tí ẹ bí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tí mo lọ tọrọ físà, ọmọkùnrin inú gíláàsì bi mí pé kí ni mo ní nílé tí yóò mú mi padà wá. Mo ní kò sí, pé gbogbo ohun tí mo ní wà ní Houston. Bùnmi ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ba físà jẹ́. Wọn kò kọ́ mi pé kí n purọ́ fún ọmọdé nítorí pé ó wà nínú gíláàsì. Láti ìgbà náà, ojú fóònù ni mo ti mọ ọmọ rẹ. Á kí mi, á fi eyín hàn mí, á sì sá lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ojú fóònù. Àárò yín ń sọ mí, Àkànjí, n kò mọ bí mo ṣe lè fi ọgbọ́n sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ tí à ń wọ̀ níbí, tòkunbọ̀ ni. Ọláolú ní òun ti tún èyí tó ti Houston wá ṣe rí, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà lábẹ́ síìtì. Orí òkun ló gbà dé. Kí ló dé tí tìrẹ kò fi lè gba ibẹ̀? Wa ilé náà wọ inú ọkọ̀ ojú omi, kí píkọ́ọ̀pù tẹ̀ lé e. Ọmọ́níkẹ́ á máa dáná tirẹ̀, àwọn ọmọ á máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ara wọn, òkun á máa gbé yín bọ̀. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ sí Èkó, ẹ tún máa wà á lọ síwájú. Ẹ kò fi ẹ̀yìn rìn rárá, iwájú iwájú náà lẹ ó máa lọ títí ẹ ó fi délé, irin kò ní tẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí bíríkìlà wó òpó ẹnu ọ̀nà kan, nítorí Bùnmi ní ilé yín kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Fi ti ẹni tó máa gé ẹ̀ka ọsàn kún un, kó má bàa họ yín ní fèrèsé. Níbí, kò sí ẹgbẹ́ tó máa ní kí o gbé e kúrò. Bí owó kò bá sí, má yá a, mo ní àáké.

Ọlọ́run á máa ṣíwájú yín, á máa kẹ́yìn yín. Ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun tí ẹ so kò ní tú, ọ̀nà tí ẹ gbà lọ kò ní dí mọ́ yín lẹ́yìn. Ojú mi á rí yín, ọwọ́ mi á kàn yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà òkun yẹn kò ṣeé gbà, tí ẹ sì lọ wo òkè Colorado, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó so píkọ́ọ̀pù yẹn, bá mi nu síìtì ìdí sítíárìn, má kó ẹrù sí i. Láti ọjọ́ fídíò, mo máa ń lé àwọn adìyẹ kúrò nínú ti bàbá rẹ, mo máa ń jókòó síbẹ̀, mo sì máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wá sójú fèrèsé ẹ̀yìn, kó juwọ́ sí píkọ́ọ̀pù. Bó bá bi ọ́ pé ta ló wà níbẹ̀, sọ fún un pé ìyá bàbá rẹ̀ ni, òun ló ń wa ọkọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Dọ̀tun.