Gémù Bàìbàì Ilé Àna Mi

Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Inú ń bí mi, ojú ń tì mí, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tó pọ̀ jù... Mo ti ba nǹkan jẹ́ nílé bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi àti Ọlọ́run.

Òkè-Ìlá ní Adó ni mo ti ń tún gémù ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, orí fóònù ni mo ti wò ó, mo jó ìka, mo ba tèmi jẹ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n. Bàbá Fúnmi, ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ yẹn, ní Ìjan wá fẹ́ràn gémù bọ́ọ̀lù bí nǹkan míì. Gémù àtijọ́ ni o, èyí tó ń lo wáyà yẹ́lò, pupa àti funfun. Tí wọ́n bá ti Máàsì dé lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á gbá páàdì mú, wọ́n á máa bú rẹfirí. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n alẹ́yìn ńlá wọn kú, wọ́n ní ká so gémù mọ́ tuntun tó wà ní pálọ̀, tí wọn ò tíì tàn rí. Tuntun yẹn ò ní ihò yẹ́lò. Mo ní Dádì, ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Mo tú gémù palẹ̀, mo jó bọ́ọ̀dù HDMI tó bá ihò tẹlifíṣọ̀n tuntun mu sínú ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó mọ́ kedere, ẹ máa ka nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sí wọn. Mo gbé e dé Ìjan... bàìbàì! Bí ìgbà tí ọyẹ́ bo pápá. Bàbá wò mí, wọ́n ní, “Ẹnjiníà, ṣé èéfín ló ń rú ní pápá ni?”

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo tún gbogbo ojú ibi tí mo jó jó. Mo pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, mo bú ẹni tó tà á fún mi, mo tún block ẹ̀. Mo ní iná Ìjan ni ò tó, mo ru stabilizer wá láti Adó lórí ọ̀kadà. Bàìbàì náà ni! Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á mọ́. Tó bá dé Ìjan, á ṣú. Ṣé orí mi ló dàrú ni?

Ọjọ́ kan ni oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n, mo wá rí i. Ọ̀rá! Ọ̀rá tí kọ́ńpìnnì fi bo ojú ẹ̀, wọn ò tíì ṣí i kúrò, ó ti funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ẹ sáà mọ̀ wá, fíríìjì ilé tiwa gan-an, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Mo ní Dádì, ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀rá yìí. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ẹnì kankan ò gbọdọ̀ kàn án nínú ulé yìí.” Wọn ò ṣàlàyé. Mo ní sínú ara mi pé ahun ni baba yìí.

Sunday tó tẹ̀lé e, mo tètè dé. Wọ́n ṣì wà ní Máàsì, Fúnmi wà ní kíṣìn. Ìbínú sọ fún mi pé ká kàn wò ó... mo ká a láti igun dé àárín. Ha! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ́! Mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀kadà Bàbá níta. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀rá padà, kò lẹ̀ mọ́! Afẹ́fẹ́ wú sábẹ́ ẹ̀ bí ẹ̀kán omi, eruku wọ ibẹ̀. Bàbá tan gémù, wọ́n ní bọ́ọ̀dù mi ti ń tu omi sínú tẹlifíṣọ̀n.

Fúnmi ń sìn mí jáde, mo ń ráhùn nípa ọ̀rá, ló bá sọ fún mi. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ra tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mama ní ọjọ́ tí àwọn àna bá wá ṣe ìdáná Fúnmi, òun fúnra òun lòún máa ṣí i lójú àlejò. Bàbá fẹ́ bá wọn ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Omi bọ́ lójú ẹ̀.

Bàbá wá ní mi ò gbọdọ̀ mú ẹbí mi wá o, àfi tí gémù bá mọ́. Pé ẹni tí ò lè parí iṣẹ́ kékeré, kí ló fẹ́ fi ọmọ òun ṣe? Ṣẹ́ ẹ rí ayé mi? Gémù ò lè mọ́ àfi tí ọ̀rá bá kúrò, ọ̀rá ò lè kúrò àfi lọ́jọ́ ìdáná, ìdáná ò lè wáyé àfi tí gémù bá mọ́! Wọ́n sì ti ní kí Fúnmi wá ẹlòmíì láti Adó wá wò ó ní Sunday tó ń bọ̀. Onítọ̀hún á kàn fọwọ́ kan ọ̀rá yẹn báyìí, á ní ẹnì kan ti ṣí i.

Ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kí Sunday tó pé? Àbí Fúnmi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Tó bá sì ní òun ò fẹ́ mi mọ́ ńkọ́? Ẹ má kàn sọ pé kí n fi sùúrù ṣe é, mi ò ní sùúrù, ìyẹn ló kó mi sí i. Èmi àti àwọn ẹbí mi gan-an ni Mama ń fi ọ̀rá yẹn dè, èmi náà ni mo sì jí i ṣí... Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún àna?