Ìdọ̀bálẹ̀ Òwúrọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ti Iṣẹ́ Òru Dé

Ilé Tíṣà, Ọ̀fà.
Oṣù Kẹjọ, 1964.

Láńrewájú ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, torí mo mọ ara mi: bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni náà ni n óò máa fà gùn títí ìwé yóò fi tán. Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ̀rọ ìhunṣọ gé ìka rẹ l'Ékòó lọ́dún tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá sí ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Èmi ni.

Ó yá, ṣé ara le? Mojísọ́lá aya rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìròyìn ilé já ọ láyà, kí tìrẹ náà má sì já wa láyà. Ìyá rẹ ti gbádùn, ó tilẹ̀ bá mi jà lánàá lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Mojísọ́lá kọ̀wé pé oorun ti sá fún ọ, pé ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kẹta òru, kí ara sì tó mọ ọ̀kan lára, wọ́n ti yí i padà. Pé o ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí o bá dórí ibùsùn, ojú rẹ á là kedere. Ẹ̀rù ìka mẹ́sàn-án tó kù bà mí. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní kí Jímọ̀ akọ̀wé fi tẹlifóònù sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí ó fún gbogbo ènìyàn ní iṣẹ́ àárọ̀. Jímọ̀ béèrè pé ta ni yóò wá ṣe ti òru. Mo ní kí wọ́n gba àwọn ọdẹ, òru kò ṣàjèjì sí wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì tíì mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ibà dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀ lójò yìí ni ojú mi là. Èmi ni mo ń jókòó tì í lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí Àṣàkẹ́ àbúrò rẹ̀ bá gbà á lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n o mọ Ọ̀fà: kò sí ẹni tí yóò kí aláìsàn kó má kí baálé ilé. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á jí mi, wọ́n á sì sọ fún mi pé ó yẹ kí n sinmi. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí síléètì pé kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn, mo gbé e kọ́ síta. Wọ́n tún ń kan ilẹ̀kùn kí n wá ka ohun tí mo kọ fún wọn. Safiyat aládùúgbò wa dúró lójú fèrèsé, ó ní háà, àṣé tíṣà náà ń sùn lọ́sàn-án bí ológbò, òun sì rò pé pàṣán ni wọ́n fi ń wo irú rẹ̀ sàn nílé ìwé. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti rántí Èkó.

Mo wá kí ọ lọ́dún ọ̀hún, o ti iṣẹ́ òru dé, o sùn. Mo ní ọmọ tí mo tọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ jí. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbá ilẹ̀kùn rẹ, tí o ń jáde wá dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ pọ́n bí ẹyìn, tí mo sì ń mú ọ jókòó ti gbogbo ọmọ Ọ̀fà tó bá wá kí mi. O kò sọ pé rárá. Mo ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí o tòògbé, tí ẹ̀rọ mú ọwọ́ rẹ, tí wọ́n sì lé ọ níbẹ̀, kí o tó rí iṣẹ́ ti ìsinsìnyí. Mo délé, mo wí fún mọ̀lẹ́bí pé ọ̀lẹ ni ọ́.

Mo ti pè wọ́n jọ, mo ti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Adétóyè ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn ń dúró kí tíṣà máàkì iṣẹ́ ara rẹ̀ ni.

Ibí yìí ni mo máa ń tọrọ owó. Má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi ra aṣọ dúdú tó nípọn, fi bo fèrèsé rẹ. Má jẹ obì bí iṣẹ́ òru bá ń parí lọ. Bí àlejò bá dé, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kí Mojísọ́lá fún un lápòótí níta títí o ó fi jí. Bí èmi ni, kó fún mi lómi, kí n dúró. (Bí owó bá ṣẹ́ kù, páànù ilé ìdáná ti lu, ṣùgbọ́n kò kánjú.)

Ó ku ohun kan. Lórí àìsàn ni ìyá rẹ ti sọ fún mi pé láti ọdún tí mo ti Èkó dé, òun kò gbọ́ oríkì rẹ lẹ́nu mi mọ́, pé Láńrewájú lásán ni mo ń pè ọ́, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Òótọ́ ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e pamọ́ ni. Kérésì tí o wá sílé, o dọ̀bálẹ̀, o pẹ́ nílẹ̀. Mo mọ ohun tí o ń dúró dè. Mo kàn ní kí o dìde.

Gbà á. Àkànjí. Àkànjí ọmọ Oyètúndé, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kí ọmọ aráyé lè rí aṣọ bora. Kí Ẹni tó dá ọ̀sán òun òru fún ọ ní ìsinmi nínú méjèèjì. Má dìde, Àkànjí. Sùn.

Èmi bàbá rẹ,
Oyètúndé