Ọwọ́ Tí Ẹ Ń Dúró Dè

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìrora, ẹ kú àìlèjáde. Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bíi pákó tó já bọ́ látorí ọkọ̀. Rúkáyátù àbúrò mi, ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, mo kí ọ. Kà á sókè, má sì fo ìlà kankan bó o ṣe máa ń fo ìrun Àsùbáà.

Èmi ni Ráṣídì ọmọ yín, ọba gbogbo ẹni tó ń tú kókó iṣan láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò. Bí mo bá fi àtàǹpàkò kan kókó ara igi ìrókò, igi náà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè Ẹ̀fọ̀n tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó yẹn, ìrora ló ń dà á láàmú. Ó ti ránṣẹ́ pè mí, mo ní kó lọ tò sẹ́yìn àwọn èrò. Ewúrẹ́ onílé mi pàápàá máa ń wá fi ọrùn ra ẹsẹ̀ mi láàárọ̀, pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ni mo fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ Bọ̀dá Jídé tó wú bí odó, tó fi fò dìde, tó jó. Ẹ ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi lórí fóònù. Ẹ sì ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Ó dáa. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Bàbá títí Rúkáyátù á fi ka lẹ́tà yìí tán. Màmá, ẹ gbé aṣọ gbígbóná yẹn sílẹ̀. Ẹ dé igbá òrí. Ẹ jókòó.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé sórí Wásáàpù ẹbí, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Ìsẹ́yìn àti gbogbo ìyàwó ilé á ti kà á. Mo pè láàárọ̀ yìí. Mo sọ òótọ́ fún Bàbá pé ọwọ́ mi kò lè wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti gbọ́n, pé ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ayé má baà fi ojú burúkú wò ó. Ẹ wo wàhálà mi o. Ọjọ́ tí mo ní mo fi ọwọ́ kan gbé gẹdú, ẹ gbà. Ọjọ́ tí mo ní mi ò mọ nǹkan kan, ẹ ní irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba, kí ẹni tó fẹ́ràn Bàbá tí kò sì fẹ́ràn àpárá mi lè ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kókó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní sọ́mìlì Àrámọ̀kọ̀ yìí, pákó rírù ni. Wọ́n á la gẹdú, àwa á máa ru pákó rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀. Láàárọ̀, kùrukùru á ti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n bọ̀, á bo gbogbo ibẹ̀, tó jẹ́ pé ìró ẹ̀rọ nìkan lo máa gbọ́, o ò ní rí ẹni tó ń lò ó. Òtútù ibí kì í ṣe ti Ṣakí. Ti Ṣakí ń la ètè. Tibí ń wọ èjìká, ó ń jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Èjìká ọ̀tún nìkan ni mo fi ń rù, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Òkè-Ògùn lágbára. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò gbọ́ èdè. Lẹ́nu tiwọn, ilé di ulé, iṣu di uṣu. Bí mo bá sì dá wọn lóhùn, wọ́n á ní kí n rọra, pé ohùn mi ń dún bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Bí iṣẹ́ bá parí, kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé èjìká ń dùn mí, tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín.

Bí kókó ṣe yọ nìyẹn, láàárín ọrùn àti èjìká. Ó dà bíi kóró àgbálùmọ̀ lábẹ́ awọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìrora á gba ẹ̀yìn etí lọ sí iwájú orí. Mi ò lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn mọ́. Mo rò pé àṣasí ni. Mo ti ka gbogbo ọ̀tá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti ń gbàdúrà kí ilẹ̀ gbé ọmọkùnrin kan tó máa ń bu ẹ̀wà mi jẹ. Ọwọ́ onílé mi, Màmá Bùnmi, ni àṣírí ti tú. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì; ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ, wọn kì í sì í gba ìranù. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé ọ̀tá wo ló máa fi oògùn rẹ̀ ṣòfò lórí irú èmi.

Wọ́n ní ẹran ara wa dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dì pọ̀. Bí a bá ń lò ó, á fún. Bí a bá sinmi, á dẹ̀. Èyí tí a bá ń fi ṣe iṣẹ́ kan náà ṣáá láìsinmi, tàbí tí òtútù àti ìrònú bá mú, á fún, á sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dẹ̀. Ó dà bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú nínú èrò: bó o bá fi ipá fà á, á túbọ̀ dì í mú ni.

Nítorí náà, èèyàn kì í bá kókó jà. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tí a sì fún ni a kọ́kọ́ ń gbé lé e. Lẹ́yìn náà, òrí díẹ̀, kí àtàǹpàkò wá tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó dúró síbẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ sì máa mí kanlẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ìrora tí èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín ni kó jẹ́. Bó bá ti di èyí tí èèyàn fi ń fún eyín pọ̀, a ti ṣìnà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tí ọwọ́ kò tó, a ó ki ọsàn tí kò tíì pọ́n bọ àárín ẹ̀yìn àti ògiri, a ó máa yí i. Ọsàn onílé mi ni mo fi ṣe é títí orí igi fi ṣófo. Wọ́n tún ní kí n máa pààrọ̀ èjìká, kí n máa na ọrùn kí n tó gbé pákó, kí n sì máa mumi. Kókó náà rọ̀, ó lọ.

Bí mo ṣe di dókítà sọ́mìlì nìyẹn. Kí n tó dé, ṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dojú bolẹ̀, kí ẹnì kan gun ẹ̀yìn wọn, kó máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ amọ̀. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi láti Ṣakí, oògùn Ráṣídì ni wọ́n ń pè é. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, a ó kó sí ọkọ̀, ó di Ìkògòsì, a ó ki ara bọ ibi tí omi gbígbóná ti ń ṣàn, a ó máa bá ara wa tẹ èjìká. Bọ̀dá Jídé tó ń lo ẹ̀rọ ìlagi ló máa ń pariwo jù. Ọmọ Ìdó-Ilé ni, ó síngbọnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní ọwọ́ mi rọ̀ bíi ti ìyàwó tuntun, pé ìgbà wo ni òun máa wá tọrọ mi lọ́wọ́ yín. Òun nìkan ló máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Gẹdú kan ló yí lu ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bá a dì í, wọ́n ní kó sinmi. Ó dùbúlẹ̀, kò rìn. Nígbà tó yá, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ń gbóná. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kókó iṣan ti dé, kí n gbé òrí bọ̀. Mo gbé e. Mo ti bu ú sọ́wọ́, mo ti ń fọ́nnu fún àwọn èrò tó yí wa ká, nígbà tí Màmá Bùnmi, tí a jọ wá kí i, fi ọ̀pá wọn gbá ọwọ́ mi, òrí fò dànù.

Wọ́n ní kí n fi ojú wò ó kí n tó fọwọ́ kàn án. Kókó iṣan ní ojú ibi kan tí ìka lè rí. Èyí, gbogbo ẹran náà ló le. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, ó ju èkejì lọ. Ó gbóná, awọ rẹ̀ ń dán, ó pọ́n. Ó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́ láìlo ẹsẹ̀ ni ó dé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ náà, bí ẹ̀jẹ̀ àgbò Iléyá ṣe máa ń dì sínú abọ́. Bí èèyàn bá ń tẹ irú ẹ̀, ó lè já, kó bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ìyá arúgbó ń jowú ọwọ́ mi. Bọ̀dá Jídé alára ní òun ò ní torí kókó iṣan lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Màmá Bùnmi bẹ̀ ẹ́ títí, nígbà tó yá wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sílé bí ẹni fa olè. Mo bínú o. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ará sọ́mìlì gbé Bọ̀dá Jídé lọ sí Ìkògòsì láìsí èmi. Wọ́n ki ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná, gbogbo ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ó fò dìde. Ó ní ó ti lọ! Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún Ráṣídì pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ó wá jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó di àyà mú, ó ní kí wọ́n bá òun tú bọ́tìnì. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà ní Ìdó-Ilé báyìí.

Wàyí o, Bàbá. Rúkáyátù sọ fún mi pé látìgbà tí ọ̀kadà ti gbé yín ṣubú lọ́nà oko, tí wọ́n ti di orúnkún yín, orí ẹní ni ẹ wà. Ó ní ẹ̀yìn ojúgun yín ti le, ó ń gbóná, bàtà ò wọ ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Ó ní ẹ sọ pé kókó iṣan ni, pé ẹ ò lọ síbì kankan, pé ọwọ́ Ráṣídì ń bọ̀ ní Iléyá. Ó ní ẹ ti ń to àwọn aládùúgbò sórí ìlà, pé ẹ̀yin ni àkọ́kọ́, kí ladánì tẹ̀lé yín. Ti ìlà yẹn nìkan ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nǹkan tí kò tó nǹkan, pé láti ìjẹta, bí ẹ bá mí kanlẹ̀, nǹkan máa ń gún yín láyà, pé ẹ̀ ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Mo sáré lọ bá Màmá Bùnmi.

Mi ò sọ pé ohun tó mú Bọ̀dá Jídé ló mú yín. Ó lè jẹ́ iṣan lásán. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí dókítà sọ ọ́, kí ẹ wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi hu irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n Màmá Bùnmi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní lónìí ni, kì í ṣe lọ́la. Màmá, kí ẹnikẹ́ni má tẹ ẹsẹ̀ náà, kí ẹ má gbé ohun gbígbóná lé e. Kí Bàbá má fi ẹsẹ̀ rìn. Kí wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Kí ẹ sọ ti àyà fún dókítà ṣáájú ti ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ má wulẹ̀ ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tó gbéra. Owó tí mo ń tọ́jú fún àgbò, gbogbo rẹ̀ ni mo ti fi ránṣẹ́ sí Rúkáyátù. Kí àgbò máa jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Èmi náà ti di ẹrù mi. Ọ̀nà Iléṣà ni mo máa gbà lọ sí Ìbàdàn, kí n tó rí ọkọ̀ Ṣakí. Ó jìn. Ẹ má dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, kí ẹ máa bú mi níbẹ̀.

Ọlọ́hun á fún yín lálàáfíà, Bàbá mi. Ẹ ó tún fi ẹsẹ̀ méjèèjì lọ sí yídì. Màmá, ojú yín kò ní rí ẹkún. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ kí ladánì, kí ẹ sọ fún wọn pé ìlà ti tú ká.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nínú ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ti igi ìrókò, ẹnu lásán ni. Òkè Ẹ̀fọ̀n kò ránṣẹ́ pè mí. Ewúrẹ́ máa ń fi ọrùn ra ẹsẹ̀ mi lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ òógùn mi ló ń wá lá. Pé Bọ̀dá Jídé fò dìde, òótọ́ ni. Ọjọ́ tó kú gan-an ni ẹ pè mí, ẹ bi mí pé báwo ni ara ẹni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Mo ní ó ti fò dìde, mo fi ijó kún un. Ẹ wá bi mí pé ta ló tẹ ẹsẹ̀ náà fún un. Mo ní èmi ni. Ọwọ́ tí ẹ ń dúró dè nìyẹn, Bàbá. Kò sí ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráṣídì, tí kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn rí.