Aṣọ Ìbora Tí Mo Fi Ìró Yín Rán

Ìyá mi,

Rùkáyyàh yín ló ń kọ̀wé. Mo ti kúrò ní ọsibítù, ara mi ti le. Òtútù Kánádà ò mú mi mọ́, torí mo ti rán aṣọ ìbora ńlá kan parí!

Àwọn ògbólógbòó ìró yín, tí ẹ ti ń tọ́jú látọjọ́ ìgbéyàwó mi pé a ó fi gba ọmọ, tí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi níbí, ni mo gé tí mo rán pọ̀. Èyí tí ẹ fi pọn Mùínàt àbúrò mi ló wà láàárín. Ó bo èmi àti ọkọ mi dé ẹsẹ̀. Tí ọkọ mi bá pè yín, ẹ má bi í nípa ọmọ. Ẹkún ló máa ń sun.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà ní Lanlate. Ìró àdìrẹ tí wọ́n ti ká sílẹ̀ de ọmọ yẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣì máa ró o lọ.