Orúkọ Dókítà Àjíkẹ́

Ọjọ́bọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìwé mi, má bínú pé mo tún mú bírò. Irú ọwọ́ mi yìí kò yẹ kó kọ nǹkan kan mọ́.

Yunifásítì wa àti ọ̀kan ní òkè òkun jọ ń ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àlùbọ́sà ní ọjà Sábó. Olùkọ́ wa, Dókítà Àjíkẹ́, àwọn nìkan ló ń rìn nínú oòrùn lọ bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀. Bàtà wọn já níbẹ̀ lójú mi. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbójú lé fún ìgbéga.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìròyìn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sókè òkun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe ẹni tó tó ìyá mi ní “she”? N ò sì lè pe àgbà lórúkọ. Mo kọ “they” jálẹ̀, bí a ṣe ń sọ “wọ́n” nílé ní Ọ̀yọ́.

Lónìí, ìwé ìwádìí náà jáde. Orúkọ àwọn òyìnbó nìkan ló wà lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ “àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́.”

Dókítà tún ìròyìn mi kà.

“Ọmọ Ọ̀yọ́, ṣé èmi nìkan lo sọ di agbo èèyàn yìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.”

“Mo mọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn ló gbé mi mì.”

Ní oríta Takie, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé òyìnbó ló rẹ́ Dókítà jẹ. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ náà, jọ̀ọ́, má dárúkọ mi.