Owó Olówó Nínú Agolo Bísíkíìtì

Ilé Òkè, Hawkrigg,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Hilary ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun, ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ọlọ́run tó mú ọ dé Lọ́ńdọ̀nù kò ní jẹ́ kí Lọ́ńdọ̀nù gbé ọ mì. Èmi náà wà, n ò lè ráhùn. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, odò sì ti gun orí afárá kékeré. Fly ajá wa ti ń darúgbó bíi tèmi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń ro ó. Winifred Oldroyd tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, aládùúgbò wa, ní kí n kí ọ. Jọ̀wọ́ má kí i padà o, torí n ò fẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ọ lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ owó ni, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti bí ọ, o ò gbọ́ kí èmi tàbí ìyá rẹ dárúkọ iye kankan nínú ilé. Bí bàbá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn, pé èèyàn lè sọ̀rọ̀ ikú níwájú àlejò, ṣùgbọ́n kì í sọ iye tó wà lápò rẹ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi bá ìyá rẹ gbé, kò mọ iye tí mo ń gbà títí tó fi kú, n ò sì mọ iye tó ra fìlà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí báyìí, ẹ̀rù náà sì ti ju ìtìjú lọ.

O rántí pé wọ́n ti báǹkì tó wà nílùú pa, ó ti di ilé kọfí. Wọ́n wá ń fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ méjì-méjì, inú rẹ̀ ni báǹkì wà, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé bí ẹni ń wọ ilé adìẹ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Imogen ló ń jókòó síbẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Nígbà ìrúwé ó sọ fún mi pé, "Bàbá, báǹkì ti ṣe nǹkan kan fún yín o. Bí owó yín bá tán, ẹ ṣì lè gbà tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn lára tiwa. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ, ẹ ó kàn dá a padà tó bá yá." Mo dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, láti ayé bàbá bàbá mi, kò sẹ́ni tó yá owó nílé wa." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọwọ́ síwèé níbí, kí n tún fọwọ́ sí i lọ́hùn-ún. Mo fọwọ́ sí i, torí àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn mi nínú òjò. Ṣùgbọ́n mo ti kọ̀ fún un lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ìyẹn parí síbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ náà ò wá mọ́. Ni mo bá mú káàdì tí wọ́n fún mi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé epo, níbi tí ẹ̀rọ apọwó wà lára ògiri. N ò fẹ́ gbowó o, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá owó mi ṣì wà láàyè. O mọ owó náà, ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn géérégé tí mo rí nígbà tí mo ta àwọn àgùntàn tó kẹ́yìn. Owó ìsìnkú mi ni, kí ìwọ má baà ná pẹ́nì kan lé mi lórí. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe sọ pé ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mo lè gbà. Owó ẹlòmíì ti ṣìnà wọ inú tèmi.

Ìwọ náà dàgbà lórí òkè yìí, o mọ òfin wa. Bí àgùntàn ẹlòmíì bá bá tèmi wọlé, mo gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ títí ẹni tó ni ín á fi dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè ni mí. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọjọ́ méjì ni mo fi kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà, torí ẹ̀rọ ò gbà kí n kó o lẹ́ẹ̀kan. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì wà lára rẹ̀ tí n ó fi mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n orí ọbabìnrin kan náà ló wà lára gbogbo wọn. Mo kó o sínú agolo bísíkíìtì, mo kọ "Owó Olówó" sára rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn ìyẹ̀fun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé dé láti báǹkì pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ló kù fún mi. Mo sáré padà sí ilé epo, ẹ̀rọ ní ẹgbẹ̀rún kan ni mo lè gbà. Hilary, ẹnìkan ti jí ìdajì owó mi, onítọ̀hún sì tún ti ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mìíràn sí i. Mo tún kó tirẹ̀ kúrò. Kò pé oṣù kan, ìwé mìíràn dé pé n ò ní nǹkan kan mọ́, ẹ̀rọ sì ń sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ṣì wà. Mo kó ìyẹn náà, torí n kò lè fi ohun olóhun sílẹ̀ lára ògiri ilé epo. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣòótọ́, ṣe ni tèmi ń dínkù.

Mo gbìyànjú láti pè wọ́n. Ohùn obìnrin kan ní mo ṣe pàtàkì sí wọn gan-an, ló bá fi mí sílẹ̀ kí n máa gbọ́ orin fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí ọkùnrin kan wá gbé e, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ. Ìyá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí ló kàn án? Mo ní ìyá mi ò jẹ báǹkì ní gbèsè kankan, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń béèrè òkú, ọ̀ràn náà ti di ti ìdílé nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èyí tó burú jù dé. Báǹkì kọ ọ́ gàdàgbà pé mo jẹ àwọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn, pé èlé ti ń gùn ún, kí n san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Olówó ti lọ fẹjọ́ sùn. Láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò bá dín eré kù níwájú ilé, ẹ̀yìn àga ni mo máa ń sá sí. Bí mo bá fún báǹkì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, olówó á bi mí léèrè ẹgbẹ̀rún tó kù. Mo ti dá àpótí owó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ mi láti ọdún mọ́kàndínlógún padà, mo ní ojú ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti béèrè ìyá mi lórí fóònù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí n ò lọ gba owó ìfẹ̀yìntì mi nídìí káńtà Winifred, torí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ síbẹ̀, n ò sì fẹ́ kí wọ́n tọ orúkọ wá mi wá.

Èédú ti tán. Winifred kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú páì ẹran, ó bá mi tí mo wọ kóòtù méjì léra. Ó ní, "Clifford, ṣé ọwọ́ ò há báyìí?" Mo ní, "Rárá o, atẹ́gùn ni mò ń gbà." Ó wo ibi ìdáná tó ti kú, ó wá ń bi mí léèrè ẹsẹ̀ Fly, torí òun náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Páì náà dùn, Fly jẹ jù mí lọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Fi ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́ fún èédú, kí o fi ìwé ìròyìn dì í kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé owó ni, má sì jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ báǹkì kankan kọjá. Sọ fún ọkọ rẹ pé ìbọ̀sẹ̀ lo fẹ́ rà fún mi. Tí ààyè bá wà, wá fúnra rẹ kí o bá mi ka ìwé wọn, torí mo ti kà á títí, ẹ̀rù nìkan ni mo rí kà níbẹ̀.

Bí mo bá sì kú kí o tó dé, agolo wà lẹ́yìn ìyẹ̀fun, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó pé. Wá ẹni tó ni ín kàn, kí o dá a padà fún un. Má mú nínú rẹ̀ sin mí. Jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ sin mí bí wọ́n ṣe ń sin aláìní, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ sí ọ létí láéláé pé owó olówó lo fi ra pósí bàbá rẹ.

Ilé rẹ kò ní tutù, Hilary. Ọmọ rẹ á sin ọ́. Ohun tí kì í ṣe tìrẹ kò ní ṣèèṣì wọ ọwọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò jalè rí,
Clifford Metcalfe.